Ààbọ̀ Orí Onígbàjámọ̀

Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ní ilé tí ọmọbìnrin kan ti dàgbà, òwe náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí pé onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà ń gẹ irun fún gbogbo àdúgbò, láti orí ọ̀gá ilé ìwé títí dé orí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó yí ọrùn tó níwájú dígí, ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ lórí ìpàkọ́ ara rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ yìí nìkan ni ó ń bá a gẹ̀ ẹ́.

Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà láti kékeré, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti di olóògbé tí ó sì ku àwọn méjèèjì nínú ilé. Orí ara rẹ̀ ni bàbá fi ṣe ìwé tí ọmọ náà fi kẹ́kọ̀ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orí náà rí bí oko tí ewúrẹ́ jẹ kù, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ọwọ́ ọmọ náà di ọwọ́ tí ń lọ lórí ènìyàn bí omi tútù ṣe ń lọ lórí òkúta. Ìyẹn ni bàbá ṣe sọ ọ́ ní Ọwọ́ẹ̀rọ̀, tí gbogbo àdúgbò sì gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀.

Àṣírí kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ẹni kẹta kò mọ̀. Ẹ̀rù abẹ ń ba onígbàjámọ̀ yìí. Ọkùnrin tí ó ti fi abẹ kọjá ní ọ̀fun àìmọye ènìyàn láìjẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan kán sílẹ̀, bí irin tútù bá kan ẹ̀yìn etí tirẹ̀ pẹ́nrẹ́n, yóò di ojú, yóò sì di apá àga mú bí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí ìjì ń jà. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ nìkan ni ó mọ ọgbọ́n tí a fi ń borí ẹ̀rù náà. Bí ó bá ti gbé kílípà, yóò bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè nípa orí ẹlòmíràn.

"Bàbá mi, irú orí wo gan-an ni télọ̀ iwájú ilé wa ní?"

"Orí télọ̀?" Bàbá yóò la ojú kan. "Ìyẹn kì í ṣe orí, ọmọ mi. Ìdí ìkòkò ni! Kílípà á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á tún já sí kòtò. Ọjọ́ tí mo bá gẹ orí télọ̀, ńṣe ló máa ń rẹ̀ mí bí ẹni tó gun òkè."

Kí ó tó ka orí télọ̀ tán, kí ó tó kan orí olùkọ́ àti orí ẹni tí ń ta epo, iṣẹ́ ti parí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Orí bàbá a sì máa dán bí àwo tuntun, òun gan-an sì ni pátákó ìpolówó iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ọwọ́ẹ̀rọ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó rí iṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ tí ó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá. Inú bàbá rẹ̀ dùn dé bi pé kò sí orí kan tí ó fọwọ́ kàn ní ọ̀sẹ̀ náà tí kò gbọ́ ọ. Ó sọ ọ́ fún ẹnìkan tí ọṣẹ ti bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò lè dáhùn. Ó sọ ọ́ fún ọmọ jòjòló.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn rárá. Ògiri kan ni ó pín ilé ìfọṣọ náà sí méjì. Apá kìíní ni apá aṣọ ẹlẹ́gbin, níbi tí wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ kó aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn wọlé, tí wọ́n sì ń dà wọ́n sínú àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ẹnu wọn tóbi bí ẹnu ọ̀nà. Apá kejì ni apá aṣọ mímọ́. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ìlọṣọ gígùn wà, tí ń yí gbirigbiri tí ooru sì ń tú lára rẹ̀, tí ènìyàn méjì yóò máa ti aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tí ènìyàn méjì yóò sì máa gbà á ní ẹ̀yìn. Òfin kan ṣoṣo ló ga ju gbogbo òfin lọ níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ apá aṣọ mímọ́ láìbọ́ aṣọ ìta rẹ̀, láìwẹ ọwọ́ dé ìgúnpá, láìwọ ẹ̀wù iṣẹ́ funfun, láìfi ìbòrí funfun bo irun. Ọ̀tá aláìsàn ni ìdọ̀tí, ọ̀tá ilé ìfọṣọ sì ni irun. Bí irun kan péré bá hàn lára aṣọ, gbogbo ẹrù tí aṣọ náà wà nínú rẹ̀ ni yóò padà sínú omi.

Alábòójútó wọn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò fi ohùn òkè sọ̀rọ̀ rí, ni ó ń ṣọ́ òfin náà. Yóò na aṣọ sí ojú iná, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò sì wí pé, "Kò sí àbàwọ́n," tàbí kí ó má sọ ohunkóhun. Àìsọ rẹ̀ ni ó burú. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Kòsábàwọ́n, òun náà sì mọ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn apá aṣọ mímọ́, àwọn ìkọ́ wà lára ògiri. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti gbà pátápátá ní ìkọ́ tirẹ̀ àti ẹ̀wù tí wọ́n rán mọ́ ọn lára. Ẹni tí wọ́n ṣì ń dán wò yóò mú èyíkéyìí nínú àwọn ẹ̀wù tí ó wà nínú agbọ̀n. Èyí tí ó máa ń bọ́ sí Ọwọ́ẹ̀rọ̀ lọ́wọ́ gùn dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ó ti fẹ́ràn ọ̀kan nínú àwọn ìkọ́ tí ó ṣófo, èyí tí ó súnmọ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Arẹ́rìn-ín ni wọ́n fi ṣe ẹnìkejì rẹ̀ níbi kíká aṣọ. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, ẹnìkan kò sì lè ká aṣọ ibùsùn dáadáa. Wọn yóò di etí aṣọ mú, wọn yóò fà á gbọnrangandan, wọn yóò pàdé, wọn yóò pínyà, wọn yóò tún pàdé.

"Àbúrò mi, ṣé o rí i," Arẹ́rìn-ín wí fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, "èmi pẹ̀lú ẹ ti pàdé lónìí ju bí èmi pẹ̀lú ọkọ mi ṣe pàdé láti ọdún tó kọjá lọ!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá ń bọ̀."

"Kó máa bọ̀. Ṣé ẹ̀rín náà ní àbàwọ́n ni?"

Ohun tí Ọwọ́ẹ̀rọ̀ kò mọ̀ kí ó tó gba iṣẹ́ náà ni pé àìsàn kì í lọ ìsinmi. Ilé ìwòsàn ń lo aṣọ ní ọjọ́ Àìkú gẹ́gẹ́ bí ó ti ń lò ó ní ọjọ́ Ajé, ẹni tuntun sì ni wọ́n ń fi dí àlàfo ẹni tí kò bá wá. Bí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ṣe bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ tí ó bá sì ráyè jókòó sí ilé, ara rẹ̀ nìkan ni yóò jókòó síbẹ̀. Ó gbé omi ka iná, ó sùn lọ, omi gbẹ, ìkòkò ń pariwo. Ó bu iyọ̀ sínú tíì. Ó ká gbogbo aṣọ ilé bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ ilé ìwòsàn, dé bi pé bàbá rẹ̀ na ṣòkòtò kan sókè ní òwúrọ̀ tí ó ń wá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọwọ́ẹ̀rọ̀, ṣòkòtò mi dà?"

"Òun lẹ mú lọ́wọ́ yẹn, Bàbá mi."

"Èyí? Mo rò pé ìwé ni."

Bàbá kò bá a wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìrẹsì rẹ̀ a máa jóná, òkè rẹ̀ a sì máa le, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ dára, àárín náà ni ó sì máa ń bù fún ọmọ rẹ̀.

Irun kò mọ̀ pé ènìyàn ní iṣẹ́. Ó ń hù. Nígbà tí orí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, aránbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí i. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti ìgbà èwe, ẹ̀fẹ̀ sì ni oúnjẹ àárọ̀ wọn.

"Onígbàjámọ̀! Ṣé o fẹ́ẹ́ gbin nǹkan síbẹ̀ yẹn ni?"

"Wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ kóo tó wo orí mi. Àtàǹpàkò rẹ ń kí mi láti ẹnu ihò."

"Bàtà tèmi kò lé oníbàárà. Àmọ́ ta ló máa rí igbó lórí ẹ tí á gbé orí tiẹ̀ wá bá ẹ? Jẹ́ kí n bá ọ gé e, mo ní àlùmọ́gàjí níbí."

"Àlùmọ́gàjí tóo fi ń gé awọ? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu rẹ̀ padé, bàbá fọwọ́ kan ìpàkọ́ rẹ̀. Ó lè tọ onígbàjámọ̀ mìíràn lọ, àmọ́ bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ni yóò mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú pé ẹni tí ń fárí fún gbogbo ayé ń gbọ̀n níwájú abẹ.

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ náà rí orí náà, ó sì dùn ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, ó fa àga jáde. "Bàbá mi, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká ṣe é kíákíá."

Aṣọ tí yóò wọ lọ ni ó ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, bàbá bẹ̀rẹ̀ láti orí aránbàtà, èyí tí ó ní ó rí bí ìpìlẹ̀ ilé tí owó tán mọ́ onílé lọ́wọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ fọn fèrè ní ìkóríta. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ wo orí tí ó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀tún ń dán bí ẹyin. Òsì ṣì jẹ́ igbó.

"Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ má bínú! Màá parí ẹ̀ tí mo bá dé!"

"Máa lọ, máa lọ! Orí ò níí sá."

Ó sáré. Nígbà tí ó dé ilé ìfọṣọ, àwọn yòókù ti wọlé. Dípò kí ó bọ́ aṣọ rẹ̀, ó gbé ẹ̀wù funfun wọ̀ lé e, ó fi omi kan ọwọ́, ó sì wọlé. Aṣọ tí wọ́n ń ká ní òwúrọ̀ náà ni èyí tí wọ́n ń kó lọ sí iyàrá iṣẹ́ abẹ. Bí ó ṣe ń na apá, bẹ́ẹ̀ ni etí aṣọ rẹ̀ ń yọ jáde lábẹ́ ẹ̀wù.

Kòsábàwọ́n na aṣọ kan sí ojú iná. Ó fi ọwọ́ ra á. Ó dúró. Ó fi ìka méjì mú ohun kan, ó sì gbé e sókè.

"Irun ta nìyí?"

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ gbójú sókè. Ó mọ irun náà bí ẹni mọ ohùn ènìyàn rẹ̀. "Tèmi ni, Ọ̀gá."

Alábòójútó wo irun náà, ó wo ọmọbìnrin náà. "Tìẹ? Ìgbà wo lo hu ewú?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Arẹ́rìn-ín kí ó tó lè gbé e mì. Kòsábàwọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n dá gbogbo ẹrù náà padà sínú omi, gbogbo wọn sì lọ sílé nígbà tí iṣẹ́ ti pẹ́ kọjá àlà. Kí wọ́n tó tú ká, ó pe Ọwọ́ẹ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Oò tíì sọ ẹni tó ni irun yẹn fún mi, mi ò sì níí bi ẹ́ mọ́. A ṣì ń dán ẹ wò. Tí mo bá tún rí irun kan lára aṣọ tó ti ọwọ́ ẹ kọjá, má wulẹ̀ padà wá."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù kílípà ti wọ ọmọ onígbàjámọ̀. Ó pinnu pé òun kò ní fọwọ́ kan irun títí wọn yóò fi gba òun pátápátá. Kò sì lè sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, nítorí ó mọ ọkùnrin náà. Bí ó bá gbọ́ pé irun orí òun fẹ́ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ òun, yóò di ojú lọ jókòó sí iwájú onígbàjámọ̀ mìíràn, yóò gbọ̀n, wọn yóò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Bàbá mi, ó di ọ̀la." Ní ọ̀la, ó tún ní ó di ọ̀la.

Bàbá gbé fìlà dé. Ó dé e nínú ilé, ó dé e nínú ṣọ́ọ̀bù, ó dé e nínú oòrùn ọ̀sán tí alángbá pàápàá ń wá ibòji.

"Fìlà nínú ooru yìí?" aránbàtà bi í.

"Etí ló ń dùn mí."

"Etí? Orí ọ̀hún ló ń dùn ọ́! Kí lo fi pamọ́ síbẹ̀?"

Ní ọjọ́ yìí, bàbá yíjú sí kílípà rẹ̀, ó ń nù ún. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wo fìlà náà ju bí wọ́n ṣe ń wo dígí lọ. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ti ń gẹ irun lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti jẹ́ àpọ́n, kọjá ní iwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú orí tí ẹlòmíràn ti gẹ̀, ó sì ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá bu àárín ìrẹsì fún ọmọ rẹ̀, ó jókòó tì í.

"Ọwọ́ẹ̀rọ̀."

"Ẹ̀n, Bàbá mi."

"Iṣẹ́ tóo ń ṣe, iṣẹ́ mímọ́ ni. Mo mọ̀. Irun ò mọ́. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ mi ti ń rí ọ lára, sọ fún mi. Mi ò níí bínú."

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá mi. Ẹ̀yin ẹ sáà ní sùúrù." Ìyẹn nìkan ni ó lè sọ. Bàbá mi orí, ó sì kó àwo lọ. Ọmọ náà jókòó síbẹ̀, ó ń rò ó pé ẹni tí ó bá ń lé eku méjì ni í pa òfo. Ó wá rò ó pé ní ọ̀la, òun yóò kúkú lọ sọ fún Kòsábàwọ́n pé kí ó wá ẹlòmíràn sí ipò òun. Ìkọ́ ara ògiri kì í ṣe bàbá.

Ìrònú náà ni ó jẹ́ kí ó gbàgbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sí orí tábìlì ní òwúrọ̀. Bàbá rí i. Ó wo abọ́ náà, ó wo ilẹ̀kùn, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n. Nítorí pé ẹni ọ̀wọ̀ kì í jáde láìmú irinṣẹ́ rẹ̀ dání, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń wí, àpò kílípà rẹ̀ wà ní èjìká.

Ó dé ẹnu ọ̀nà apá aṣọ mímọ́ nígbà tí agogo ìsinmi ọ̀sán fẹ́ẹ́ lù. Kòsábàwọ́n ni ó bá níbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Oúnjẹ ọmọ mi ni mo gbé wá."

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ta ni ọmọ yín?"

"Ọwọ́ẹ̀rọ̀. Ẹni tó ń ká aṣọ bí ìwé."

"Háà. Ẹ lè dúró níbí kẹ́ẹ pè é. Àmọ́ a kì í dé fìlà ìta lẹ́nu ọ̀nà yìí, bàbá. Ẹ bọ́ ọ, ẹ gba ìbòrí funfun yìí."

Bàbá di fìlà mú. "Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí fìlà yìí wà níbi tó wà."

"Òfin ni, bàbá. Dókítà pàápàá ń bọ́ tiẹ̀."

Ní àkókò náà gan-an ni agogo lù, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń tú jáde, Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ní iwájú wọn. Ó rí bàbá rẹ̀. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ lórí fìlà. Kí ó tó lè pariwo, fìlà ti kúrò.

Oòrùn kọ mànà ní apá ọ̀tún, ó sì kú sínú apá òsì.

"Mo gbé!" Arẹ́rìn-ín di ikùn mú. "Ṣé ojú mi ló ń ṣe mí ni, àbí orí méjì ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ já gba àárín wọn, ó dúró sí iwájú bàbá rẹ̀, ó na apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí ó fẹ́ fi aṣọ bò ó. "Bàbá mi ni! Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ṣe é. Ọkọ̀ ló dé tí mo fi í sílẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kan irun mọ́, kí iṣẹ́ má baà bọ́. Ọ̀gá, irun ọjọ́sí, tiwọn ni. Ẹ wá ẹlòmíràn sípò mi. Mo fẹ́ẹ́ lọ parí orí bàbá mi."

Bàbá wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. "Nítorí irun ni? Kì í ṣe pé irun mi ń rí ọ lára?"

"Láéláé, Bàbá mi!"

Kòsábàwọ́n rìn yí bàbá ká, ó sì yẹ orí náà wò bí ó ṣe máa ń yẹ aṣọ wò. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

"Ọmọ yìí, ìwọ ò ṣẹ̀ sí irun. Ẹnu ọ̀nà lo ṣẹ̀ sí. Gbogbo wa níbí la ní irun nílé. Àwọn kan ní ọmọ tó ń bì sí wọn lára, àwọn kan ní ajá. Ìdí tí ẹnu ọ̀nà fi wà nìyẹn. Bọ́ ti ibẹ̀ síbẹ̀, wọ ti ibí síbí. Ṣé mo sọ fún ẹ pé kóo má ní bàbá?"

"Rárá, Ọ̀gá."

"Iṣẹ́ ààbọ̀ kì í jáde níbí. Agogo ìsinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Ẹ gbé àga lọ sí ìta apá aṣọ ẹlẹ́gbin. Ẹ fún un ní aṣọ ibùsùn kan tí kò tíì fojú kan omi."

Wọ́n gbé àga sí abẹ́ igi tí ó wà lẹ́yìn ilé. Wọ́n fi aṣọ bo bàbá láti ọrùn dé ilẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ yí wọn ká pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ bí ẹni tí ń wo eré. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ yọ kílípà. Lábẹ́ aṣọ náà, níbi tí apá àga wà, ìka bàbá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti le bí gbòǹgbò. Àwọn ènìyàn ń wò. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n níwájú gbogbo ènìyàn báyìí, orí nìkan kọ́ ni ó wà lórí àga; àṣírí bàbá náà wà níbẹ̀.

Ó tẹ̀ mọ́ etí bàbá rẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. "Bàbá mi, ẹ wo àwọn orí tó wà níwájú yín yìí. Irú orí wo ni Ẹ̀gbọ́n mi Arẹ́rìn-ín ní?"

Bàbá la ojú kan.

"Èyí tó ń jẹun lọ́hùn-ún? Orí agogo ni. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ró!"

"Yé è! Wọ́n ti mú mi!" Arẹ́rìn-ín kígbe, òkèlè oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá la ojú kejì. Ó kan awakọ̀ tí ń kó aṣọ, ó ní orí rẹ̀ rí bí ìdérí tí kò bá ìkòkò mu. Ó kan ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ, ó ní orí burúkú kì í wú tuulu lóòótọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń gbìyànjú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ti ara wọn síwájú, "Tèmi ńkọ́, bàbá? Ẹ wo tèmi!" Irun ewú ń já bọ́ sórí aṣọ ẹlẹ́gbin, ìka bàbá sì ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ aṣọ. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ nìkan ni ó rí i.

"Orí tèmi ńkọ́?" Kòsábàwọ́n ni ó béèrè.

Bàbá wò ó dáadáa. Abẹ wà ní ẹ̀yìn etí rẹ̀ ní àkókò náà, kò tilẹ̀ mọ̀. "Tiyín, ìyá wa? Orí ẹni tó ń ru ẹrù ọlọ́mọ púpọ̀ ni. Ó tẹ́ díẹ̀ lókè. Àwọn tó ń sùn lórí aṣọ yín ló jókòó síbẹ̀."

Obìnrin náà súnmọ́ tòsí nígbà tí Ọwọ́ẹ̀rọ̀ sọ abẹ kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí bàbá láti iwájú dé ìpàkọ́, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sí ojú oòrùn.

"Kò sí àbàwọ́n," ni ó wí.

Ó yí padà sí Ọwọ́ẹ̀rọ̀. "Lọ wẹ ọwọ́ dé ìgúnpá. Bọ́ gbogbo aṣọ yẹn, kí Arẹ́rìn-ín wá òmíràn fún ẹ. Ẹ̀wù tóo ń wọ̀ yìí gùn jù, ó ń gbálẹ̀. Tóo bá ti ṣe tán, lọ bá télọ̀ ilé ìwòsàn kó wọn ẹ́."

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Arẹ́rìn-ín ni ó gbá a ní ẹ̀yìn. "Kí lo ń wò? Wọ́n ní kí wọ́n wọn ẹ́! Ìkọ́ wo lo fẹ́?"

"Èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé," ni ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kíákíá, bí ẹni tí ó ti ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ tipẹ́.

Bàbá ti dìde. Ó gbọn ara rẹ̀, ó kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣèlérí fún awakọ̀ pé kí ó gbé orí rẹ̀ wá kí òun bá a wá ìdérí tí yóò bá a mu. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n, fìlà ní ọwọ́ ọ̀tún, kò dé e. Orí rẹ̀ ń kọ mànà lójú ọ̀nà, ọ̀tún àti òsì, débi tí ènìyàn lè rí i láti ìkóríta. Aránbàtà yóò rí i.

Ó ti fẹ́ẹ́ yà nígbà tí Ọwọ́ẹ̀rọ̀ rí ohun tí ó wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀.

"Bàbá mi! Oúnjẹ mi!"

Bàbá rò pé ó ń dágbére ni. Ó gbé abọ́ ìrẹsì náà sókè, ó fi juwọ́ sí i láìwẹ̀yìn, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Arẹ́rìn-ín ti fi ṣíbí kejì sínú abọ́ tirẹ̀, ó ń dúró de Ọwọ́ẹ̀rọ̀ kí wọ́n jọ jẹun.